Ọmọ gba abẹ́rẹ́, èéyi tún mú un: ṣé abẹ́rẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ ni?

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan kọ̀wé sí mi láti Apẹ̀tẹ̀, níbí ní Ìbàdàn. Èéyi, èyí tí wọ́n ń kọ "measles" fún lórí káàdì àjẹsára, ti bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò wọn. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún 3, gba abẹ́rẹ́ nígbà tó pé oṣù 9, síbẹ̀ èéyi mú un. Nígbà tí àwọn onílé àti ayálégbé ṣèpàdé, bàbá kan dìde, ó ka orúkọ àwọn ọmọ tí èéyi ti mú, ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti gba abẹ́rẹ́, pé ẹ̀rí rèé pé abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Nọ́ọ̀sì kan tó wà níbẹ̀ bínú jáde. Ìyá yìí wá béèrè pé: "Dókítà, ta ni kí n gbà gbọ́? Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 7. Ṣé kí n tún gbé òun náà lọ gba ohun tí kò gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ọlọ́run á fún un lálàáfíà.

Bàbá tó dìde nípàdé yín lè má parọ́ rárá. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn, nítorí àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń tètè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́. Bó bá wá fi orúkọ àwọn ọmọ náà hàn, tí àwọn òbí wọn jẹ́rìí sí i, àwa la ó dà bí òpùrọ́ lójú àwùjọ. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé nínú ọmọ 10 tí èéyi mú ládùúgbò yín, 6 ti gba abẹ́rẹ́. Iye tó kà lè pé. Ìdájọ́ tó gbé lé e lórí ni kò tọ́, ẹ sì lè fi ìṣirò tí ẹ ń ṣe nídìí ọjà yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín.

Ẹ mú ọmọ 1,000 ní àdúgbò kan. 900 nínú wọn gba abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ti oṣù 9. 100 tó kù kò gbà rárá. Abẹ́rẹ́ ti oṣù 9 nìkan máa ń dáàbò bo nǹkan bí ọmọ 85 nínú 100. Nítorí náà, nínú 900 wa, 765 ní ààbò, 135 kò ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Èéyi wá wọlé. Kò sí àrùn tó ń ràn bí i: nínú ẹni 10 tí kò ní ààbò tó wà nítòsí aláìsàn, ó lè mú 9. Ẹ jẹ́ ká kúkú ní ó mú gbogbo wọn. Ọmọ 235 ló máa dùbúlẹ̀, 135 gba abẹ́rẹ́, 100 kò gbà. Ẹni tó bá ka kìkì àwọn tó dùbúlẹ̀ á ní, "Ẹ ò rí i? Àwọn tó gbà á ló pọ̀ jù!" Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Àmọ́ ẹ wo apá ibi tí kò kà. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, 15 nínú 100 ni èéyi mú. Nínú àwọn tí kò gbà, gbogbo wọn ló mú pátá. Àwọn 765 tó ń sáré kiri níta kò sí nínú ìwé bàbá yẹn, torí kò sí òbí tó máa dìde nípàdé láti sọ pé, "Ẹ wo ọmọ tèmi, èéyi ò mú un o." Ara líle kì í ní ìròyìn. Bí wọ́n bá tún ṣèpàdé, tí ọ̀rọ̀ náà sì tún jáde, ẹ fi sùúrù bi bàbá náà léèrè kan péré: nínú gbogbo ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ní òpópónà wa, mélòó ni èéyi kò mú? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìyẹn náà sétíìgbọ́ gbogbo èèyàn.

Ohun mìíràn wà nínú ìṣirò yìí tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn pàápàá lẹ́nu. Bí àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ládùúgbò bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe máa pọ̀ sí i láàárín ìwọ̀nba tó bá ṣàìsàn. Bí gbogbo ọmọ 1,000 yẹn bá gbà á, kò ní sí ẹnì kan tí èéyi mú níbẹ̀ tí kò gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n 150 ni gbogbo wọn máa jẹ́. Ká ní ẹnikẹ́ni ò gbà á ńkọ́? Ẹ mọ iye tó máa dùbúlẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí abẹ́rẹ́ fi ń kọjá lára ọmọ 15 nínú 100 láìṣiṣẹ́. Ìdí tó tóbi jù ni pé ìyá máa ń fún ọmọ ní ààbò láti inú oyún. Ààbò yẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ fún oṣù bíi mélòó kan, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò èéyi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú abẹ́rẹ́, ààyè ló sì gbọ́dọ̀ wà kí ara ọmọ tó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Bí ààbò ìyá bá ṣì kù lára ọmọ, ó máa pa kòkòrò yẹn kí ara ọmọ tó mọ̀ pé àlejò wọlé. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kan náà, bí ọmọ bá gbà á lẹ́yìn tó pé ọdún kan, fi ń ṣiṣẹ́ lára nǹkan bí 93 nínú 100. A ò lè dúró di ọdún kan níbi tí èéyi ti ń jà lọ́dọọdún bíi tiwa, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa kó o kí ọjọ́ náà tó pé.

Nítorí àwọn tí ti àkọ́kọ́ kọjá lára wọn yìí la ṣe ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ọdún 2019 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti oṣù 15, kún àwọn àjẹsára tí gbogbo ọmọ ń gbà. Ọmọ tó bá gba méjèèjì, ààbò rẹ̀ á tó nǹkan bí 97 nínú 100. Ẹ padà sí ìṣirò wa: ká ní àwọn 900 yẹn gba méjèèjì, àwọn tí èéyi máa mú nínú wọn á wálẹ̀ láti 135 sí 27.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ ọ́ pé àkọ́bí yín "ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ parí ní oṣù 9". Ìyá mi, kò tíì parí. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti oṣù 9 ni ìkẹyìn. Nọ́ọ̀sì á gún ọmọ ní ti èéyi àti ti ibà pọ́njú, á ní "ẹ kú oríire, ó ti jáde", ìyá á sì lọ tọ́jú káàdì náà sí ìsàlẹ̀ àpótí. Àwọn ìyá àgbà tó ń gba àwọn aya ọmọ wọn nímọ̀ràn ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní. Ẹ lọ mú káàdì yẹn jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ èéyi sí, ẹ ó rí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì fi bíírò kọ fún àkọ́kọ́. Ẹ wo àyè ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ó bá ṣófo, ìdajì iṣẹ́ ni abẹ́rẹ́ ṣe fún ọmọ yín, ìdajì kejì sì wà ní sẹ́ńtà ìlera tí ń dúró dè é.

Ẹ tún sọ pé ẹnì kan níbi ìpàdé ní àìsí iná ló ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn, torí nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, òun ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Abẹ́rẹ́ èéyi kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ló ń bá dé nínú ìgò kékeré kan, òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Celsius ló sì gbọ́dọ̀ wà títí dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì á fa omi tó bá a wá, á fi pò ó, á gún un. Láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun yẹn, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Èyí tó bá kù di dídànù, kódà bó jẹ́ ti ọmọ kan péré ni wọ́n tíì lò nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ìyá fúnra rẹ̀ lè fojú rí. Lára ìgò náà, àmì róbótó kan wà tí igun mẹ́rin kékeré wà láàárín rẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá ṣì dára, igun mẹ́rin àárín yẹn á mọ́lẹ̀ ju róbótó tó yí i ká. Bí ooru bá ti ń pọ̀ jù, á máa dúdú sí i. Tó bá ti dọ́gba pẹ̀lú róbótó náà tàbí tó dúdú jù ú lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo àmì ìgò yẹn kí ẹ tó ṣí i." Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá Ìbàdàn máa béèrè bẹ́ẹ̀, torí ìbéèrè ìyá máa ń mú kí òṣìṣẹ́ ṣọ́ra ju lẹ́tà láti ọ́fíìsì lọ.

Inú ọ̀rọ̀ ìgò yìí náà ni ohun tó ń dùn mí jù wà. Ìgò kan máa ń gba ọmọ 10. Nítorí pé èyí tó kù máa ṣòfò, àwọn sẹ́ńtà kan kì í fẹ́ ṣí i fún ọmọ méjì. Wọ́n á ní kí ìyá padà wá lọ́jọ́ tí èrò máa pọ̀. Ìyá tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní ọjà Bódìjà, tó wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ṣé á padà wá? Ọ̀pọ̀ kì í padà. Èrò mi ni pé kí wọ́n ṣí ìgò náà, kódà fún ọmọ kan. Òfò ìgò ṣeé rà padà. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣàkóso sẹ́ńtà bá ń ka èyí, mo bẹ̀ yín ni o.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti Apẹ̀tẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Samoa, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 200,000 lọ. Ní oṣù keje ọdún 2018, ọmọ ọwọ́ méjì kú kété tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ìwádìí fi hàn pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ náà ló pa wọ́n: dípò omi tó yẹ kí wọ́n fi po ìyẹ̀fun, òògùn tí wọ́n fi ń dẹ iṣan lára ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ni àwọn nọ́ọ̀sì fi pò ó. Àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìjọba dá abẹ́rẹ́ náà dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn òbí sì kọ̀ ọ́, ẹ̀rù sì tọ́ sí wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èéyi wọ ìlú. Ó mú èèyàn tó lé ní 5,700, ó pa 83, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tó kàn mí jù nínú ìtàn yẹn ni bí ó ṣe parí. Nínú oṣù kejìlá ọdún 2019, wọ́n ti gbogbo ọ́fíìsì pa fún ọjọ́ méjì, wọ́n ní kí ilé tí ẹni tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ bá wà ta aṣọ pupa síta, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí nǹkan bí 95 nínú 100 ti gbà á, àrùn náà rọlẹ̀. Èéyi tó ń jó ìlú bí iná pápá kú torí kò rí koríko mọ́. Bí abẹ́rẹ́ náà kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe, kí ló pa iná yẹn?

Nítorí náà, mi ò bá nọ́ọ̀sì tó bínú jáde wí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kó dúró. Àwọn òbí Samoa ní ìdí láti bẹ̀rù. Bàbá inú ìpàdé yín náà ní ohun tó fojú rí. Tí a bá ń sọ fún àwọn èèyàn pé abẹ́rẹ́ kò lè kùnà láé, ọjọ́ tí ọmọ kan tó gbà á bá ṣàìsàn ni wọn ò ní gbọ́ wa mọ́. Ó ń kùnà. Iye tó ń kùnà ni a mọ̀, a sì mọ ohun tó ń dín in kù.

Ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé abẹ́rẹ́ yìí ń fa autism, ìyẹn ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá àwọn ẹlòmíràn ṣe, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ọdún 1998 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Andrew Wakefield gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọmọ 12 péré. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e lọ́dún 2010, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn dókítà lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n yẹ ọmọ tó lé ní 650,000 wò ní Denmark, wọn ò rí i pé abẹ́rẹ́ náà ń fà á.

Àwọn kan á tún ní, "Ṣebí gbogbo wa la ṣe èéyi, a ò kú." Àwọn tó kú kò sí nípàdé láti fèsì. Kí abẹ́rẹ́ tó dé, Dókítà David Morley tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé, kọ ohun tó rí sílẹ̀: èéyi wà lára ohun tó ń pa ọmọ jù ní ilẹ̀ yìí. Kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó bá fi wà lára ọmọ nìkan ni ewu rẹ̀ mọ. Èéyi máa ń nu ohun tí ara ti kọ́ nípa àwọn àrùn mìíràn kúrò. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé ó lè pa láti 11 títí dé 73 rẹ́ nínú 100 lára àwọn ọmọ ogun ara tí ọmọ ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rí ọmọ tí èéyi lọ lára rẹ̀, tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí òtútù àyà wá gbé e dè lóṣù mélòó kan sí i, ẹnikẹ́ni ò sì ní so ó mọ́ èéyi. Nígbà míì, ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ tí èéyi ṣì mú, ti ẹ̀ máa ń fúyẹ́ ju ti ẹni tí kò gbà rárá.

Ó kù díẹ̀ nípa ìwé bàbá yẹn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó sú sára ọmọ ni èéyi. Rubella, àrùn mìíràn tó máa ń sú sára, máa ń jọ ọ́ gan-an, abẹ́rẹ́ èéyi nìkan kò sì lè dènà rẹ̀; oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó pa èéyi àti rubella pọ̀. Àyẹ̀wò ní láàbù ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Bákan náà, èéyi máa ń tó ọjọ́ 10 sí 14 lára kí ó tó sú síta. Ọmọ tó ti kó o lọ́jọ́ Ajé, tó gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́bọ̀, tí ara rẹ̀ sú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ló fà á.

Ó wá kan ọmọ oṣù 7. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e lọ, kódà lónìí. Nígbà tí èéyi bá bẹ́ sílẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6. Ẹ sọ fún wọn ní sẹ́ńtà pé èéyi wà nínú ilé, kí wọ́n pinnu. Tí wọ́n bá fún un, kò rọ́pò ti oṣù 9 àti ti oṣù 15, ó gbọ́dọ̀ gba méjèèjì síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ọmọ bá gbà láàárín wákàtí 72 tó bá aláìsàn pàdé lè dènà àrùn náà tàbí kó dín in kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lè máa ràn án láti ọjọ́ 4 kí ara rẹ̀ tó sú, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àkókò yẹn ti kọjá. Nítorí náà, ẹ máa wo ojú rẹ̀, ikọ́ rẹ̀ àti ibà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ẹ bá gbé ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lọ sí sẹ́ńtà, ẹ dúró síta, kí ẹnì kan wọlé lọ sọ fún nọ́ọ̀sì. Afẹ́fẹ́ yàrá tí elééyi ti jókòó lè ran ọmọ mìíràn títí di wákàtí 2 lẹ́yìn tó ti jáde, àwọn ọmọ ọwọ́ ló sì kún orí bẹ́ǹṣì wọn.

Fún àkọ́bí yín, ẹ béèrè fún fítámì A ní sẹ́ńtà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni, lónìí àti lọ́la, ìwọ̀n 200,000 IU (IU ni wọ́n fi ń wọn fítámì A) fún ọmọ tó ti lé ní ọdún kan. Ẹ má lọ rà á fúnra yín. Ó ń dáàbò bo ojú, ó sì ń dín ikú kù. Ẹ má fi ẹmu, àgbo tàbí ohunkóhun sí i lójú, mo ti rí ojú tó fọ́ báyìí. Ẹ máa fún un lómi, ẹ̀kọ, ọbẹ̀ ẹja, ohun tó bá ṣáà ti lè jẹ. Bí ó bá ń mí kíákíá, bí gìrì bá gbé e, tí kò lè mu nǹkan, tí ó ń sùn lọ fọnfọn tàbí tí funfun bo ẹyinjú rẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH tàbí ti Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá sì ti yá, ẹ gbé e lọ fún ẹ̀ẹ̀kejì tó kù lórí káàdì rẹ̀. Kò léwu fún ẹni tí èéyi ti mú rí láti gbà á. Bó bá sì jẹ́ pé rubella ló mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, ààbò èéyi tí kò ní tẹ́lẹ̀ ni ẹ lọ gbà fún un yẹn.